Tábílẹ́ẹ̀tì 10, ọmọ 40: bí ẹ̀kọ́ orí ẹ̀rọ ṣe lè rọrùn níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láìda àárín òbí àti olùkọ́ rú

Bí wọ́n bá ti dárúkọ ẹ̀kọ́ orí ẹ̀rọ létí òbí, ohun méjì ló sábà máa ń sọ sí i lọ́kàn: owó fóònù tuntun àti owó dátà. Olùkọ́ náà á máa ro tirẹ̀: ta ni yóò san án bí ọmọ bá já a mọ́lẹ̀? Ìbéèrè gidi ni, ṣùgbọ́n orí èrò kan tí kò rí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n dúró lé, pé àfi kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀rọ tirẹ̀, kí íntánẹ́ẹ̀tì sì wà lórí rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Iléèwé tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì rárá lè ṣe é. Èyí tó ní tábílẹ́ẹ̀tì 10 fún ọmọ 40 lè ṣe é dáadáa. Iléèwé tí kò ní lè ṣe é ni èyí tí kò tíì fẹnu kò lórí ẹni tí yóò mú ẹ̀rọ, ìgbà tí yóò gbé e fún ẹnìkejì, ohun tí òbí lè kọ sínú gúrúùpù WhatsApp, àti ẹni tó láṣẹ láti ya ọmọ ọlọ́mọ ní fọ́tò.

Nǹkan mẹ́ta tí wọ́n ń fi orúkọ kan pè

Àkọ́kọ́ ni èyí tí ẹ̀rọ wà lọ́wọ́ olùkọ́ nìkan. Ètò EkoEXCEL láwọn iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó jẹ́ irú rẹ̀: inú tábílẹ́ẹ̀tì olùkọ́ ni ìlànà ẹ̀kọ́ wà, ìwé àti pátákó làwọn ọmọ ṣì ń wò. Ìkejì ni èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ lé ọmọ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n tí ẹ̀kọ́ ti wà nínú rẹ̀ kó tó dé ọwọ́ ọmọ. Ọpọ́n Ìmọ̀ tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun gbé jáde ní 2013 fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama àgbà nìyẹn. Ìwé àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá ti wà níbẹ̀, kò béèrè dátà. Ìkẹta ni èyí tí ẹ̀rọ ọmọ ń lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀.

Ìkẹta yìí ló wọ́n jù, òun náà ló sì léwu jù fún ọmọ ọdún 6 sí 12. Ní 2007, nígbà tí wọ́n gbé láptọ́ọ̀pù ọmọdé lọ dán wò níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan l'Ábújá, ìròyìn jáde pé àwọn ọmọ ti ń fi í wo àwòrán ìhòòhò, torí kò sí ohun tó ń sẹ́ nǹkan burúkú kúrò lórí rẹ̀. Kì í ṣe pé àwọn ọmọ náà burú. Àwọn àgbà ni kò tilẹ̀kùn.

Orílẹ̀-èdè Peru náà ra irú láptọ́ọ̀pù bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu fáwọn iléèwé ìgbèríko. Nígbà tí èsì ìwádìí jáde ní 2012, wọn ò rí i pé ìṣirò tàbí ìwé kíkà àwọn ọmọ tó gbà á sàn ju ti àwọn tí kò gbà á lọ. Ẹ̀rọ dé, ọ̀nà tí olùkọ́ ń gbà kọ́ni ò yí padà. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní tábílẹ́ẹ̀tì nìkan ni iléèwé yín nílò, ẹ ní kó dúró díẹ̀.

Fún iléèwé tí owó rẹ̀ ò pọ̀, èyí tí a fara mọ́ jù ni oríṣi kejì tí a tún ṣe díẹ̀: kí gbogbo ẹ̀kọ́ wà lórí láptọ́ọ̀pù olùkọ́ kan ṣoṣo, kí tábílẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọ máa kà á láti ibẹ̀.

Wi-Fi kì í ṣe íntánẹ́ẹ̀tì

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Wi-Fi dà bí ọ̀nà ẹsẹ̀ tó so ilé mọ́ ilé ládùúgbò; íntánẹ́ẹ̀tì ni ọjà tó wà ní ìlú kejì. Èèyàn lè rìn láti ilé rẹ̀ dé ilé aládùúgbò láìdé ọjà. Ràútà kan, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń tan Wi-Fi ká, tí kò ní síìmù nínú, tí ẹnikẹ́ni ò sanwó oṣù lé lórí, lè so tábílẹ́ẹ̀tì 10 mọ́ láptọ́ọ̀pù olùkọ́.

Ohun tí wọ́n sábà máa ń fi sórí láptọ́ọ̀pù náà ni Kolibri, áàpù tó ń kó ẹ̀kọ́ pamọ́ sórí ẹ̀rọ. Ọ̀fẹ́ ni, àwọn tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n sì ṣe é fún. Ẹ ó kọ́kọ́ gbé láptọ́ọ̀pù lọ síbi tí íntánẹ́ẹ̀tì wà lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó gba Kolibri sórí rẹ̀, ẹ ó sì yan ẹ̀kọ́ tẹ́ ẹ fẹ́. Ẹ má gbé gbogbo ẹ̀, torí àpapọ̀ ẹ̀kọ́ mìíràn wúwo tó ọ̀pọ̀ gígábáìtì. Ẹ mú ìṣirò Praímárì Kẹta nìkan bó bá jẹ́ Praímárì Kẹta lẹ́ ń kọ́. Bẹ́ ẹ bá padà dé iléèwé, ẹ tan ràútà, ẹ so láptọ́ọ̀pù mọ́ ọn, ẹ ṣí Kolibri. Ojú rẹ̀ yóò fi àdírẹ́sì kan hàn yín, nọ́ńbà tó sábà máa ń parí sí :8080. Àdírẹ́sì yìí làwọn ọmọ yóò tẹ̀ sínú Chrome lórí tábílẹ́ẹ̀tì wọn.

Ẹ ó wá ṣí orúkọ ìwọlé fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ má lo orúkọ àti orúkọ ìdílé rẹ̀. Nọ́ńbà tó wà nínú ìwé ìpè-orúkọ ti tó: p3-17, p3-18. Ẹ lè yàn án pé kí ọmọ wọlé láìsí páásíwọ̀ọ̀dù, èyí sì ṣe pàtàkì fún ọmọ ọdún 7, torí bí ọmọ mẹ́rin bá gbàgbé páásíwọ̀ọ̀dù láàárọ̀ kan, ìdajì àkókò ẹ̀kọ́ ti lọ nìyẹn. Olùkọ́ nìkan ni kó ní páásíwọ̀ọ̀dù, kó má sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn láptọ́ọ̀pù.

Ohun tó ń bà jẹ́ níbí kò pọ̀, ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ léraléra. Bí iná bá lọ tí ràútà sì tún tàn, ó lè fún láptọ́ọ̀pù ní àdírẹ́sì tuntun, àwọn ọmọ á sì máa tẹ ti àná lásán. Ẹ wọ inú ètò ràútà, kẹ́ ẹ so àdírẹ́sì kan mọ́ láptọ́ọ̀pù náà títí láé. Bí tábílẹ́ẹ̀tì kò bá rí íntánẹ́ẹ̀tì lórí Wi-Fi, ó lè já ara rẹ̀ kúrò. Yóò bi yín bóyá kó dúró síbẹ̀, ẹ dáhùn bẹ́ẹ̀ ni, kẹ́ ẹ sì yọ síìmù kúrò nínú gbogbo tábílẹ́ẹ̀tì. Bí láptọ́ọ̀pù bá ń lo Windows, tí àwọn ọmọ kò sì rí nǹkan kan, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀ṣọ́ inú Windows (firewall) ti dí wọn lọ́nà. Ẹ yí Wi-Fi náà padà sí ti àdáni dípò ti gbogbogbòò, kẹ́ ẹ sì fún Kolibri láàyè. Ẹ má sì pa láptọ́ọ̀pù dé láàárín ẹ̀kọ́. Bó bá ti sùn, tábílẹ́ẹ̀tì 10 ti dákẹ́.

Ẹ wo èrè rẹ̀. Fídíò ìṣẹ́jú 10 lè gbà tó 100 mẹ́gábáìtì. Bí tábílẹ́ẹ̀tì 10 bá wò ó láti íntánẹ́ẹ̀tì, gígábáìtì kan ti lọ lórí ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo. Láti orí láptọ́ọ̀pù, ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ sanwó rẹ̀, kódà bí ọmọ 200 bá wò ó.

Ìṣẹ́jú 40, àti ọwọ́ tó mú ẹ̀rọ

Bí ọmọ mẹ́rin bá yí tábílẹ́ẹ̀tì kan ká, ẹ dúró wò wọ́n fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ọmọ tára rẹ̀ yá jù lọ ló ń tẹ̀ ẹ́, ọ̀kan ń sọ ohun tó yẹ kó tẹ̀, àwọn méjì yòókù ń wo ojú fèrèsé. Ọmọ méjì sí ẹ̀rọ kan ló dára jù. Níbi tí ọmọ bá pọ̀ tó 40, ẹ pín kíláàsì sí méjì. Ìṣẹ́jú 5 fún pínpín ẹ̀rọ. Ìṣẹ́jú 15 kí ọmọ 20 máa lo tábílẹ́ẹ̀tì ní méjì-méjì, kí 20 yòókù máa ṣe iṣẹ́ kan náà nínú ìwé wọn. Kí olùkọ́ lu aago, kí wọ́n pààrọ̀ fún ìṣẹ́jú 15 mìíràn. Ìṣẹ́jú 5 tó kù fún kíkó ẹ̀rọ padà. Ogójì ìṣẹ́jú pé. Iṣẹ́ ìwé kò gbọdọ̀ jẹ́ ohun tí wọ́n fi ń dá àwọn ọmọ dúró. Bó bá jẹ́ ìdá lẹ́ ń kọ́, kí ó jẹ́ ìdá náà.

Nínú ọmọ méjì, ọ̀kan ń tẹ̀, ìkejì ń ka ìbéèrè sókè tó sì ń kọ ìdáhùn sínú ìwé. Láàárín ìṣẹ́jú 15 náà, wọ́n gbọdọ̀ pààrọ̀ ipò lẹ́ẹ̀kan. Kí olùkọ́ fi aago pè é, kó má fi í sílẹ̀ fáwọn ọmọ, torí ọmọ tó bá lágbára ni yóò máa mú un títí, pàápàá bí ẹnìkejì rẹ̀ bá jẹ́ onítìjú.

Ohun kan wà tí a kì í fi ṣeré. Bí àgbà bá wọ kíláàsì, gbogbo ẹ̀rọ á dojú bolẹ̀ kí wọ́n tó kí i. Ọmọ tó ń sọ "ẹ káàárọ̀, sà" tí ojú rẹ̀ ò kúrò lára ẹ̀rọ kò tíì kí ẹnikẹ́ni. Ẹ fi ọ̀rọ̀ kan dá wọn lẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́: "Ẹ dojú ẹ̀ dé!" Kó tó ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ ò ní nílò láti pariwo mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe máa gba etí wọn bẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣàlàyé nǹkan.

Iná

Bátìrì tábílẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ 5,000 mAh ń gba nǹkan bíi wáàtì-wákàtí 18.5. Mẹ́wàá rẹ̀ jẹ́ 185. Bẹ́ ẹ bá fi èyí tó ń ṣòfò lójú ọ̀nà kún un, ẹ ka 250. Fi láptọ́ọ̀pù àti ràútà kún un, ẹ ó nílò nǹkan bíi 350 lójúmọ́. Páànù sólà 150 wáàtì tó rí oòrùn gidi fún wákàtí mẹ́rin lè gbé e, bátìrì 12 fóltì 100 Ah á sì tọ́jú rẹ̀ láìjẹ́ kó lọ sílẹ̀ kọjá ìdajì. Lásìkò òjò ẹ ó máa dín ọjọ́ tábílẹ́ẹ̀tì kù. Ẹ sọ ọ́ fáwọn òbí ṣáájú.

Bó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ kékeré lẹ fẹ́ lò, ẹ fi ohun tó ń mú iná dúró déédéé sí àárín, torí iná tó ń ga tó ń wálẹ̀ ló ń jó ṣájà. Nígbà ọlidé gígùn, ẹ má tọ́jú tábílẹ́ẹ̀tì tí bátìrì rẹ̀ ti tán pátápátá. Ẹ jẹ́ kó wà ní nǹkan bí ìdajì, kẹ́ ẹ pa á. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n gbé jáde lóṣù September tí kò tàn mọ́, òfìfo ni wọ́n gbé e wọ kọ́bọ́ọ̀dù lóṣù July.

Èdè wo?

Ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa darí láti Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970: wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju ẹgbẹ́ wọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ láti ọdún kẹrin. Àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀kọ́ orí ẹ̀rọ lónìí, Gẹ̀ẹ́sì ni. Ọmọ Praímárì Kejì tó ń wo fídíò Gẹ̀ẹ́sì lórí ìyọkúrò lè máa wo àwòrán lásán.

Olùkọ́ lè tún un ṣe fúnra rẹ̀. Kó gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta ní Yorùbá, kó ṣàlàyé ohun tí fídíò náà fẹ́ sọ, kó sì gbé ohùn náà sí Kolibri Studio lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó ti ibẹ̀ gbà á sórí Kolibri pẹ̀lú fídíò náà. Kolibri gba MP3 àti PDF. Inú yàrá tí aṣọ tàbí ìwé pọ̀ sí ni kó ti gbà á, kì í ṣe gbọ̀ngàn tó ṣófo, kí ohùn má baà máa ró padà.

Gúrúùpù WhatsApp ti kíláàsì

Ojú lọ̀rọ̀ wà. Nínú gúrúùpù, kò sí ojú. Ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ sọ tẹ̀ríntẹ̀rín lẹ́nu géètì lè kà bí ìbínú lórí fóònù, kó sì dìjà láàárín òbí 40 kí ilẹ̀ tó mọ́. Torí ẹ̀ ni ètò fi gbọ́dọ̀ wà ṣáájú ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́.

Ọmọ ò gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Ọdún 13 ni WhatsApp fúnra rẹ̀ gbà, ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò sì tíì pé e. Òbí ló ni gúrúùpù náà. Kí alábòójútó jẹ́ méjì: olùkọ́ kíláàsì àti aṣojú kan láti inú ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́. Ẹ tò ó kí alábòójútó nìkan máa kọ̀wé níbẹ̀. Kí òbí tó ní ìbéèrè kọ sí olùkọ́ ní kọ̀rọ̀, láàárín aago méje àárọ̀ sí aago méje alẹ́. Olùkọ́ náà ní ilé.

Iṣẹ́ àṣetiléwá ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tó. Kí ó jẹ́ fọ́tò ojú ìwé kan tó hàn kedere, tàbí ohùn tí kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ, torí àwọn òbí tí kò kàwé àtàwọn ìyá àgbà tó ń tọ́jú ọmọ wà níbẹ̀. Gbogbo òbí, ẹ wọ ètò WhatsApp, kẹ́ ẹ pa gbígba fọ́tò àti fídíò wọlé fúnra rẹ̀. Dátà tó ń tán láìnídìí, ibẹ̀ ló ń gbà lọ. Ohunkóhun tó bá wà nínú gúrúùpù gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé ọmọ tàbí lára pátákó ìkéde pẹ̀lú. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ ò ní fóònù ńlá ò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni, kò yẹ kí wọ́n nà án torí iṣẹ́ tí kò rí.

Bí olùkọ́ bá ń kọ Yorùbá, kó fi àmì sí i. Ẹ wo gbólóhùn yìí: "Ki awon omo mu igba wa lola." Òbí kan á fi igba náírà rán ọmọ, òmíràn á di igbá sí báàgì rẹ̀. Gboard, áàpù ìtẹ̀wé orí fóònù, ní Yorùbá. Ẹ yàn án nínú ètò rẹ̀, kẹ́ ẹ sì tẹ lẹ́tà mọ́lẹ̀ pẹ́ díẹ̀, ẹ, ọ, ṣ àti àmì ohùn á jáde. Kí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìkíni: "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin òbí wa." Olùkọ́ tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún kò gbọdọ̀ kọ "o" sí ìyá tó lè bí i, ìyá náà á sì fi "ẹ" bá olùkọ́ ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, torí ipò tó wà.

Orúkọ àwọn tí kò tíì san owó kò gbọdọ̀ dé gúrúùpù láé. Ìyẹn kì í ṣe ìránnilétí, ìtìjú ni, ọmọ ló sì máa ń ru ú lọ sí kíláàsì lọ́jọ́ kejì. Ẹ pe òbí náà níkọ̀kọ̀.

Fọ́tò ọmọ

Òfin ààbò ìsọfúnni ti Nàìjíríà tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2023 sọ pé òbí tàbí alágbàtọ́ ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí ẹnikẹ́ni tó lo ìsọfúnni ọmọ lọ́nà tó nílò ìyọ̀ǹda. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọ ti 2003 náà dá iyì ọmọ àti ìkọ̀kọ̀ rẹ̀ mọ̀. Àwòrán ojú ọmọ wà lára ìsọfúnni yìí.

Fọ́ọ̀mù ojú ìwé kan ti tó, ṣùgbọ́n kí ìbéèrè rẹ̀ jẹ́ mẹ́ta, kí òbí dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan: ṣé a lè lẹ fọ́tò ọmọ yín mọ́ ara ògiri kíláàsì? Ṣé a lè fi í sí gúrúùpù òbí? Ṣé a lè gbé e sórí Facebook iléèwé níbi tí gbogbo ayé ti lè rí i? Ọ̀pọ̀ òbí á gba méjì àkọ́kọ́, wọ́n á kọ ìkẹta, ẹ̀tọ́ wọn sì ni. Bí wọ́n bá yí ọkàn padà lóṣù kẹta, ẹ yọ ọ́. Èyí tí ẹ bá gbé síta, ẹ má kọ orúkọ ọmọ sábẹ́ rẹ̀, ẹ sì wò ó bóyá orúkọ ti wà lára báàjì rẹ̀: aṣọ iléèwé àti orúkọ papọ̀ ti sọ ibi tí àlejò yóò ti rí ọmọ náà. Ọmọ tó ń sunkún, tó ń jìyà ẹ̀ṣẹ̀, tàbí tó ti tọ̀ sára, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ yà á.

Bí ọ̀rọ̀ bá ti dìjà

Ọmọ kan fi fóònù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ya ọmọ mìíràn, ó kọ èébú sórí fọ́tò náà, ó sì ti tàn ká. Ẹ ya àwòrán ojú fóònù náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fún ẹ̀rí, ẹ kọ ọjọ́ àti aago, ẹ má fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn kódà kẹ́ ẹ lè fi hàn pé inú bí yín. Kí ẹni tó fi í síta pa á rẹ́ fún gbogbo èèyàn kíákíá, torí WhatsApp ò gbà á mọ́ lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ méjì. Alábòójútó gúrúùpù náà lè pa ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn rẹ́. Kí olùkọ́ bá àwọn ọmọ méjèèjì sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kó kọ́kọ́ gbọ́ ti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀. Kí ó pe òbí méjèèjì wá sí ọ́fíìsì ọ̀gá iléèwé lọ́jọ́ náà tàbí lọ́jọ́ kejì. Kò sí ẹjọ́ tí wọ́n ń dá nínú gúrúùpù. Ojúkojú ni kí ọmọ tó ṣẹ̀ ti tọrọ gáfárà, kí olùkọ́ sì kọ ohun tí wọ́n fẹnu kò sí sínú ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ iléèwé, kí òbí méjèèjì buwọ́ lù ú.

Bó bá jẹ́ àwòrán ìhòòhò ọmọdé ni, tàbí àgbà kan ló ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ tí kò yẹ, ìlànà tó wà lókè yìí kò kan ibẹ̀ mọ́. Ẹ má ya àwòrán ojú fóònù náà, ẹ má fi í ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni: òfin ìwà ọ̀daràn orí ẹ̀rọ ti 2015, ní abala 23, ka níní irú àwòrán bẹ́ẹ̀ àti pípín in sí ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ pa fóònù náà, ẹ tì í mọ́ dúrọ́ọ̀ ọ̀gá iléèwé, ẹ pe òbí ọmọ náà, kẹ́ ẹ sì gbé fóònù náà bó ṣe wà lọ bá ọlọ́pàá lọ́jọ́ náà. Ẹ má bi ọmọ náà léraléra nípa ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ni kó sọ ọ́, fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti gbọ́ ọ.